Ìdí tí Phoenix Suns kò fi rí ìràwọ̀ kankan pààrọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2025

Òǹkàwé kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: "Mo ti ń tẹ̀lé Phoenix Suns láti ìgbà tí wọ́n ti dé àṣekágbá NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, ní ọdún 2021. Ní oṣù Kíní ọdún 2025, kò sí ọjọ́ kan tí n kò ka ìròyìn pé Bradley Beal tàbí Kevin Durant ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ, àti pé Jimmy Butler ti Miami ń bọ̀. Gbèdéke pípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù dé, ìkankan nínú wọn kò kúrò níbi tí ó wà lọ́dọ̀ wa, Butler náà kò sì dé. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Luka Doncic ti Dallas, tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ rẹ̀, ti bára rẹ̀ lọ́dọ̀ Los Angeles Lakers. Ṣé irọ́ ni àwọn oníròyìn ń pa fún wa ni? Báwo ni èèyàn ṣe ń mọ àhesọ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?"

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ sì kú ìfaradà, nítorí títẹ̀lé Suns ní sáà yẹn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba àwọn oníròyìn sílẹ̀: irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Lóòótọ́ ni Phoenix fẹ́ Butler, lóòótọ́ ni wọ́n fẹ́ kí Beal lọ, lóòótọ́ sì ni Golden State Warriors béèrè Durant. Ohun tí ìròyìn wọ̀nyẹn kì í sábà sọ ni bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ náà ṣeé ṣe lábẹ́ òfin líìgì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ka iye ẹnu tó gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ tó di ṣíṣe. Fífẹ́ lọ́tọ̀, rírí lọ́tọ̀. Ní tèmi, ìṣirò owó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ni mo máa ń wo àwọn tó ní agbára láti kọ̀, ìròyìn ni mo sì máa ń kà kẹ́yìn.

Ohun tó máa ń rú àwa tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti mọ́ lára lójú ni ọ̀rọ̀ "títà" yìí. Nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, bí ikọ̀ kan bá fẹ́ràn agbábọ́ọ̀lù ikọ̀ mìíràn, owó ni yóò kó sílẹ̀, agbábọ́ọ̀lù náà yóò sì bá ọ̀gá tuntun dúnàádúrà owó iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ti NBA kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé àdéhùn ni wọ́n ń pààrọ̀ níbẹ̀: agbábọ́ọ̀lù yóò gbé àdéhùn rẹ̀ lọ́wọ́, pẹ̀lú gbogbo owó àti ọdún tó kù nínú rẹ̀, lọ sí ibikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ, ikọ̀ tó sì gbà á gbọ́dọ̀ dá àdéhùn mìíràn tí iye rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀ padà, àfi bí ikọ̀ náà bá ṣì ní àyè lábẹ́ òdiwọ̀n owó iṣẹ́ tí líìgì fi lélẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé ikọ̀ kan fẹ́ gba ẹni tó ń gba 50 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, ìbéèrè tó tẹ̀lé e ni pé ta ni wọn yóò kó padà tí owó rẹ̀ yóò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé èyí lé Suns lórí. Ní sáà 2024 sí 2025, òdiwọ̀n owó iṣẹ́ fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 140.6 dọ́là. Durant nìkan ń gba mílíọ̀nù 51.2, Beal ń gba 50.2, Devin Booker sì ń gba 49.2. Ẹ ṣírò rẹ̀: ènìyàn mẹ́ta péré ti gba ju òdiwọ̀n tí líìgì ṣe fún odidi ikọ̀ lọ. Òdiwọ̀n yìí kì í ṣe ògiri tí ẹnikẹ́ni kò lè kọjá, nítorí pé òfin gba ikọ̀ láàyè láti rékọjá rẹ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń lọ sókè ni ìjìyà ń pọ̀ sí i. Àdéhùn tí líìgì àti ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fọwọ́ sí ní ọdún 2023 wá fi ààlà méjì lélẹ̀ lókè pátápátá, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní apron, orúkọ aṣọ tí alásè máa ń so mọ́ iwájú kí ọbẹ̀ má baà ta sí i lára. (Ta ló ronú kan irú orúkọ bẹ́ẹ̀ fún òfin owó, n kò lè sọ.) Ààlà kejì ní sáà yẹn wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 188.9 dọ́là. Tí ẹ bá yọ owó àwọn mẹ́ta yẹn kúrò, mílíọ̀nù 38 ló kù fún gbogbo ìyókù ikọ̀, Jusuf Nurkic àti Grayson Allen nìkan sì ti gba nǹkan bíi 34 nínú rẹ̀. Kò sí bí Phoenix kò ṣe ní kọjá ààlà kejì, wọ́n sì kọjá rẹ̀ jìnnà.

Ohun tí ààlà kejì ń ṣe fún ikọ̀ ni ó yẹ kí ẹ mọ̀ dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo àhesọ oṣù Kíní ti fọ́. Ikọ̀ tó bá wà lókè rẹ̀ kò gbọdọ̀ da owó agbábọ́ọ̀lù méjì pọ̀ láti fi gba ẹnì kan. Kò gbọdọ̀ gba owó iṣẹ́ tó fi dọ́là kan ju èyí tó fi ránṣẹ́ lọ. Kò gbọdọ̀ fi owó lásán kún ìpààrọ̀ láti mú un dùn. Ikọ̀ mìíràn lè kó Nurkic, Allen àti ẹlòmíràn jọ kí wọ́n fi gba ìràwọ̀ kan. Suns kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Butler ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 48.8 dọ́là ní Miami. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, àfi kí wọ́n fi ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn mẹ́ta náà sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn lọ́dọ̀ wọn tí owó rẹ̀ tó ìdajì iye yẹn. Wọn kò fẹ́ fi Booker sílẹ̀ rárá. Durant ni wọ́n fẹ́ kí ó bá Butler gbá bọ́ọ̀lù pọ̀. Ó wá ku Beal.

Beal sì ni ẹni tí kò ṣeé gbé. Nígbà tí ó fọwọ́ sí àdéhùn ọdún márùn-ún tó tó mílíọ̀nù 251 dọ́là pẹ̀lú Washington Wizards ní ọdún 2022, wọ́n kọ gbólóhùn kan sínú rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi í ṣe pàṣípààrọ̀ àfi tí òun fúnra rẹ̀ bá gbà. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an; agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti lo ọdún mẹ́jọ nínú líìgì, kí mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ lọ́dọ̀ ikọ̀ tó ń fún un, kí ó tó lè béèrè rẹ̀. Ohun tó tún le jù níbẹ̀ ni pé gbólóhùn náà bá a dé Phoenix ní ọdún 2023, kò pòórá lójú ọ̀nà. Àwọn ọ̀gá Suns mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, nítorí náà n kò lè bá wọn kẹ́dùn púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kíní ọdún 2025, akọ́nimọ̀ọ́gbá Mike Budenholzer yọ Beal kúrò lára àwọn márùn-ún tó ń bẹ̀rẹ̀ eré, ó ní kí ó máa wọlé láti orí bẹ́ǹṣì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí ọgbọ́n láti sún un títí yóò fi gbà láti lọ. Bí ó bá jẹ́ ọgbọ́n ni, kò ṣiṣẹ́, nítorí kò sí àdéhùn kankan tó dé ibi tí ó ti fọwọ́ sí i, Miami pẹ̀lú kò sì fi hàn pé òun ń wá ẹni tí ó kù bíi mílíọ̀nù 110 dọ́là tí wọn yóò san fún un lẹ́yìn sáà yẹn. Wọ́n ní láti wá ikọ̀ kẹta tí yóò gba Beal mọ́ra, kí ikọ̀ náà sì gba ohun tí yóò mú un dùn fún un.

Kí ni Suns ní láti fi mú un dùn? Owó tí gbogbo ikọ̀ NBA ń ná lọ́jà yìí ni ẹ̀tọ́ láti mú ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní ìpele kìíní lọ́jọ́ iwájú, nínú yíyan ọ̀dọ́ tí líìgì ń ṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba Durant lọ́wọ́ Brooklyn Nets ní oṣù Kejì ọdún 2023, wọ́n ti kó mẹ́rin irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìsí ààbò kankan lórí wọn (ìyẹn ni pé ipò yòówù tó bá bọ́ sí, Nets ló ni ín), pẹ̀lú Mikal Bridges, Cameron Johnson àti Jae Crowder. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, wọ́n tún fún Washington ní ẹ̀tọ́ láti bá wọn pààrọ̀ ipò nínú yíyan ọ̀dọ́ nítorí Beal. Ọ̀kan tí ó kù tí wọ́n lè ná ni ti ọdún 2031. Ní oṣù Kíní ọdún 2025, wọ́n gbé ọ̀kan yìí fún Utah Jazz, wọ́n sì gba mẹ́ta tí iyì wọn kéré padà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pín owó ńlá sí wẹ́wẹ́ nítorí ọjà tó fẹ́ ná. Ní ojú mi, èyí ni ìròyìn pàtàkì jù lọ tó jáde láti Phoenix ní gbogbo oṣù náà, ó sì lè jẹ́ pé ẹ fojú fò ó, nítorí kò sí orúkọ ìràwọ̀ kankan nínú rẹ̀. Ó sọ fún wa pé lóòótọ́ ni wọ́n ń wá ìpààrọ̀. Ó tún sọ fún wa bí ọwọ́ wọn ṣe ṣófo tó.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn ni ọ̀rọ̀ wá kan Durant. Nígbà tí wọ́n rí i pé Beal kò ní lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí Warriors ń sọ. Durant kò ní irú gbólóhùn ti Beal, wọ́n lè gbé e lọ láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, sáà kan péré ló kù lórí àdéhùn rẹ̀ lẹ́yìn èyí tó ń lọ lọ́wọ́, kò sì sí ikọ̀ tí yóò kó gbogbo ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì tí kò fẹ́ wá. Durant ti gba ife ẹ̀yẹ méjì pẹ̀lú Warriors ní ọdún 2017 àti 2018, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun kò fẹ́ padà síbẹ̀. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé ọ̀rọ̀ náà bá a lójijì, pé kò mọ̀ pé àwọn ọ̀gá òun ti ń ná òun. Warriors kò fi àkókò ṣòfò, wọ́n yí ojú sí Miami, wọ́n sì mú Butler, tí Andrew Wiggins sì wà lára ohun tí Miami gbà. Nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì lù ní etí òkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ohun tí Phoenix rí ṣe ni pé wọ́n fi Nurkic ránṣẹ́ sí Charlotte, wọ́n tún fi ẹ̀tọ́ ìpele kìíní kan tì í kí Charlotte lè gbà á. Odidi oṣù kan la fi sọ̀rọ̀ Butler, Durant àti Beal; Nurkic ló lọ.

Ẹ wá fi Doncic wé e. Ní sáà yẹn, Doncic ń gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 43.0 dọ́là ní Dallas, Anthony Davis sì ń gba 43.2 ní Los Angeles. Ọ̀kan fún ọ̀kan, owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Doncic kò ní gbólóhùn tó lè dá ìpààrọ̀ dúró. Davis ní ẹ̀tọ́ sí àfikún owó tí wọ́n bá fi í ṣe pàṣípààrọ̀, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ìṣirò lè bá òfin mu. Utah wọ inú rẹ̀ bí ikọ̀ kẹta, ṣùgbọ́n ipa tirẹ̀ kò ju pé kí ó gba Jalen Hood-Schifino mọ́ra lọ. Nítorí náà, ọ̀gá ikọ̀ méjì ló ní láti gbà ní tòótọ́: Nico Harrison ti Dallas àti Rob Pelinka ti Lakers, tí wọ́n jókòó mu kọfí pọ̀ ní Dallas ní oṣù Kíní. Wọn kò polówó rẹ̀ fún ikọ̀ mìíràn, wọn kò bá aṣojú Doncic sọ̀rọ̀, kódà Jason Kidd tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Dallas sọ pé ìgbà tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ni òun tó gbọ́. Nígbà tí Shams Charania ti ESPN gbé e jáde ní òru ọjọ́ kìíní mọ́jú ọjọ́ kejì oṣù Kejì, àwọn ènìyàn rò pé wọ́n ti jí ojú ìwé rẹ̀ gbà, títí ó fi ní láti tún kọ ọ́ pé òótọ́ ni. Ìdí tí ẹ kò fi gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ìpààrọ̀ tí ọwọ́ púpọ̀ bá wà nínú rẹ̀ ni ó máa ń jò. Èyí tí ẹni méjì lè parí láàárín ara wọn kì í jò.

Bóyá Dallas ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Lójú tèmi, wọn kò ṣe é: ẹni ọdún 25 tó gbé ikọ̀ dé àṣekágbá ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe ẹni tí à ń ná níkọ̀kọ̀ pẹ̀lú oníbàárà kan ṣoṣo, nítorí àṣírí tó dáàbò bo ìpààrọ̀ náà ni kò jẹ́ kí iye rẹ̀ lọ sókè. Harrison pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún náà.

Ẹ tún béèrè bí èèyàn ṣe lè mọ àhesọ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ wo ẹni tí ìròyìn náà ń ṣe láǹfààní. Aṣojú agbábọ́ọ̀lù lè tú u síta kí àwọn ikọ̀ tí oníbàárà rẹ̀ kò fẹ́ lè jìnnà. Ikọ̀ tó fẹ́ pààrọ̀ lè tú u síta kí iye ọjà rẹ̀ lè gbówó lórí. Ikọ̀ tí kò tilẹ̀ ní ohun tí yóò fi gbà á lè dárúkọ ara rẹ̀ kí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ lè rò pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kíní ọdún 2019, Rich Paul tó jẹ́ aṣojú Anthony Davis sọ ní gbangba pé Davis fẹ́ kúrò ní New Orleans. Líìgì bu owó ìtanràn 50,000 dọ́là lé Davis, nítorí òfin kò gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní àkókò yẹn gan-an hàn kedere sí ẹni tó mọ òfin: Boston Celtics, tó ní ohun ìní tó dára jù lọ láti fi gbà á, kò lè gbà á kí sáà tó parí, nítorí pé irú àdéhùn tí Kyrie Irving, tó wà lọ́dọ̀ Celtics nígbà náà, àti Davis ní kò gbọdọ̀ pé méjì lọ́dọ̀ ikọ̀ tó bá gba àwọn méjèèjì nípasẹ̀ ìpààrọ̀. Lakers nìkan ni ariwo yẹn lè ṣe láǹfààní ní oṣù Kejì. New Orleans sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n dúró di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí sáà ti parí.

Ohun tí ariwo náà ṣe fún Lakers fúnra wọn ni mo rántí jù. Orúkọ gbogbo ọ̀dọ́ inú ikọ̀ ti jáde gẹ́gẹ́ bí ohun tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì, wọ́n lọ sí Indianapolis. Bí Brandon Ingram ṣe dúró láti ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, àwọn òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ lórin pé "LeBron máa tà ẹ́!" Àmì ayò 136 sí 94 ni Pacers fi nà wọ́n. Kámẹ́rà sì mú LeBron James lórí bẹ́ǹṣì, tó jókòó nìkan, tí àga òfìfo wà láàárín òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Sáà yẹn parí pẹ̀lú 37 tí wọ́n borí àti 45 tí wọ́n pàdánù. Wọ́n fẹnu kò lórí gbígba Davis ní oṣù Kẹfà, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n sáà 2019 ti bá ariwo lọ.

Ní ti kí ọ̀gá ikọ̀ jáde sọ pé kò sí ohun tó jọ ọ́, ẹ má fi ọkàn sí i púpọ̀. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 2024, Pat Riley ti Miami gbé ìwé jáde pé àwọn kò ní fi Butler ṣe pàṣípààrọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n fòfin dè é fún eré méje, lẹ́yìn èyí wọ́n tún dè é lẹ́ẹ̀mejì sí i, kí oṣù Kejì sì tó pé ọ̀sẹ̀ kan ó ti di ti Warriors. Òótọ́ ni Riley sọ ní ọjọ́ tó sọ ọ́. Iye tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ ní ọjọ́ yẹn ni kò tíì tó.

Nítorí náà, nígbà tí oṣù Kejìlá bá tún dé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 15 rẹ̀, nítorí ọjọ́ yẹn ni òfin gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn tuntun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí ó tó dìgbà náà, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni púpọ̀ nínú ohun tí ẹ ó kà. Ẹ wo owó ẹni tí wọ́n dárúkọ, ẹ wo bóyá ikọ̀ tó fẹ́ gbà á wà lókè ààlà kejì, ẹ sì ka iye ẹ̀tọ́ ìpele kìíní tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìròyìn bá ní ikọ̀ mẹ́rin ń fẹ́ ẹnì kan tí kò sì sọ ohun tí ìkankan nínú wọn yóò fi gbà á, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó kọjá. Bí ẹ bá rí ikọ̀ tó ń yí àdéhùn kéékèèké padà, tó ń wá ọ̀nà láti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kúrò lórí ààlà, ibẹ̀ ni kí ẹ tẹjú mọ́.

Ẹ kò béèrè èyí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín: ṣé ó yẹ kí wọ́n ti fi Durant sílẹ̀ ní oṣù Kejì? Mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n gbìyànjú, nítorí ẹni tó bá gba ìràwọ̀ ní oṣù Kejì yóò jẹ àǹfààní rẹ̀ nínú ìdíje sáà méjì, ó sì máa ń san ju ẹni tó gbà á ní oṣù Kẹfà lọ. Ibi tí wọ́n ti ṣìnà ni pé wọ́n fi Durant fúnra rẹ̀ sínú òkùnkùn. Suns parí sáà náà pẹ̀lú 36 tí wọ́n borí àti 46 tí wọ́n pàdánù, wọ́n lé Budenholzer, wọ́n sì fi Durant fún Houston Rockets ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n gba Jalen Green, Dillon Brooks, ipò kẹwàá nínú yíyan ọ̀dọ́ ti ọdún 2025 àti ẹ̀tọ́ ìpele kejì márùn-ún. Ní oṣù Keje, Beal yááfì nǹkan bíi mílíọ̀nù 13.9 dọ́là nínú owó rẹ̀ kí wọ́n lè tú u sílẹ̀. Wọ́n pín ìyókù sí ọdún márùn-ún, nítorí náà nǹkan bíi mílíọ̀nù 19.4 dọ́là yóò máa wà nínú ìṣirò Phoenix lọ́dọọdún títí di sáà 2029 sí 2030, fún ẹni tó ti bọ́ sí ọ̀dọ̀ Clippers.